Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Ya Àwòrán Yìí?

Bàbá ìyá mi kì í wo àwòrán kankan láì kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ìbáà jẹ́ ti ìgbéyàwó, ìbáà jẹ́ ti ìsọmọlórúkọ, wọn á nà án jìnnà sí ojú, wọn á ní, "Ìgbà wo nìyí?" Ìgbà tí a bá dárúkọ ọdún tán ni wọ́n tó máa ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó wà nínú rẹ̀: ẹni tó ti kú, ẹni tó ti lọ sí ìlú òyìnbó, ilé tí wọ́n ti wó fi ṣe ọ̀nà.

Nígbà ìsinmi oṣù Ògún tó kọjá, mo gbé fóònù mi fún Bàbá kí wọ́n wo etíkun kan ní ìhà Lẹ́kkí, níbi tí àwọn fúnra wọn ti fa àwọ̀n fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ni. Òkun, iyanrìn, ìlà funfun tí ìgbì fà, títí dé orí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ gun iyanrìn, gbogbo rẹ̀ ló hàn kedere. Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ìgbà wo nìyí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe irú àwòrán yẹn. Ojú sánmà ni wọ́n ti yà á. Bí ibẹ̀ ṣe rí báyìí nìyẹn, sà."

Bàbá dá fóònù padà fún mi, wọn kò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà ló sọ mí di ẹni tó ń ka ìtàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ràn kí ó máa fi ìwọ̀ pẹja létí òkun. Kò ní ọkọ̀ ojú omi, kò sì ní àwọ̀n. Ọ̀pá, okùn ọ̀rá, òjé àti ìdẹ nìkan ló ní. Ẹni tó bá dúró sórí iyanrìn ju ìwọ̀ kò lè jù ú dé ibi tó wù ú. Ẹja náà kì í sì í pín ara wọn káàkiri inú òkun bí ìgbà tí ènìyàn fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Ìgbì máa ń kó iyanrìn jọ sábẹ́ omi, ó máa ń di òkìtì gígùn tí ó dojú kọ etíkun. Láàárín òkìtì kan sí èkejì, omi máa ń la ọ̀nà kan fún ara rẹ̀ láti padà sínú òkun. Ojú ọ̀nà yẹn máa ń jìn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni oúnjẹ tí ìgbì tú jáde nínú iyanrìn ń gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni ẹja ń bá a lọ. Nítorí náà, bí apẹja etíkun bá mọ ibi tí ọ̀nà náà wà, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó fi ìdẹ sí ìwọ̀.

Ní ilẹ̀, ó ṣòro fún ẹni tí kò mọ òkun láti rí i. Láti òkè, ó rọrùn. Ibi tí òkìtì bá wà, ìgbì á fọ́ lórí rẹ̀, ìfófò rẹ̀ á funfun. Ibi tí ọ̀nà omi bá wà, ìgbì kì í fọ́ dáadáa níbẹ̀, nítorí náà á dúdú láàárín funfun méjì. Mo rí irú rẹ̀ lórí fóònù: funfun, dúdú, funfun. Mo fi àmì sí i. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé orí òkìtì tó wà lápá òsì ni kí ó dúró sí, kí ó ju ìwọ̀ rẹ̀ sínú dúdú náà. Inú mi dùn bíi ti ọ̀gágun tó ti rí àṣírí ọ̀tá.

A débẹ̀ ní ìdájí. Èmi dúró lórí iyanrìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń wọ omi lọ. Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé itan. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé ibí ni?" Èmi ni mo dáhùn pé ó ku ẹsẹ̀ méjì. Ó gbé ọ̀kan. Nígbà tó gbé èkejì, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

N kò ní gùn ún jù. Omi gbé e, ó ń fà á lọ sínú òkun lójú mi, ó ń gbìyànjú láti lúwẹ̀ẹ́ tààrà padà sọ́dọ̀ mi, ọ̀nà rẹ̀ kò sì kúrú. Àwọn tó ń fa àwọ̀n nítòsí ló rí i. Wọ́n ń pariwo pé, "Má bá a jà! Gba ẹ̀gbẹ́! Gba ẹ̀gbẹ́!" Ọ̀kan nínú wọn so okùn àwọ̀n mọ́ ìbàdí, ó wọ omi lọ bá a, àwọn yòókù sì fa àwọn méjèèjì jáde bí ẹni fa àwọ̀n. Ọ̀pá rẹ̀ lọ. Ó bì omi iyọ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tí ó rí ọ̀rọ̀ sọ, kò bá mi wí rárá, èyí sì dùn mí ju ìbáwí lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá pè mí. Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo ni wọ́n ya àwòrán yẹn?" Ìgbà yẹn ni mo wá a. Ọjọ́ náà wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ojú fóònù, lẹ́tà tín-ín-tìn-ín: oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún tó ṣáájú. Àwòrán tí mo fi rán ẹ̀gbọ́n mi sínú òkun ti pé oṣù mọ́kàndínlógún.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ sókè, bóyá wọ́n ṣe irú àṣìṣe mi.

Ọmọ Faransé kan tí à ń pè ní Nadar ló kọ́kọ́ ya àwòrán láti ojú sánmà, ní ọdún 1858, láti inú bàlúùnù ńlá tí ń gbé ènìyàn fò, nítòsí ìlú Paris. Àwòrán náà kò sí mọ́. Èyí tó pẹ́ jù tó ṣì wà ni ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. James Wallace Black ló yà á ní ọjọ́ 13, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1860, nínú bàlúùnù Samuel King. Ẹ lè rí òrùlé, òpópónà, àti àwọn ọkọ̀ ojú omi ní èbúté. Ṣùgbọ́n ní oṣù Belu, ọdún 1872, iná ńlá kan jó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àárín ìlú Boston. Ẹni tó bá mú àwòrán ọdún 1860 dání ní ọdún 1873, tó ń fi wá ilé ìtajà tí yóò ti ra bàtà, irú mi ni.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ àwòrán òkè di ohun èlò fún kíka etíkun. Àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà fẹ́ gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé, tí àwọn Jámánì ti gbà. Wọ́n ní láti mọ bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó, nítorí bí ọkọ̀ bá kanlẹ̀ jìnnà sí èbúté, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á rìn nínú omi lábẹ́ ìbọn. Kò sí ẹni tó lè lọ fi okùn wọn omi lójú ọ̀tá. Ní ọdún 1942, ilé iṣẹ́ rédíò BBC bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n mú àwòrán ìsinmi tí wọ́n yà ní etíkun àwọn ilẹ̀ Yúróòpù wá. Ẹ fojú inú wo ìyẹn: àwòrán bàbá àti ọmọ tí wọ́n ń jẹ áísìkíríìmù létí òkun, tí ọ̀gágun kan ń wo ẹ̀yìn wọn láti mọ bí iyanrìn ṣe lọ sí.

Àwọn bàálù náà ń fò kọjá, wọ́n ń ya àwòrán. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí, mo sì gbádùn rẹ̀ ju gbogbo ìtàn náà lọ, nítorí ìṣirò tí olùkọ́ lè ṣe lójú pátákó ni. Bí ìgbì bá wà lójú omi tó jìn, ó máa ń yára. Bí ó ti ń sún mọ́ ilẹ̀, tí abẹ́ omi ń ga bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wúwo. Ká ní bàálù ya àwòrán méjì tí ìṣẹ́jú àáyá 5 wà láàárín wọn, tí orí ìgbì kan sì ti rìn mítà 30 láàárín àkókò náà. Eré rẹ̀ jẹ́ mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 6 sọ 6 di púpọ̀, ó di 36. Ẹ wá fi 9.8, tí í ṣe agbára òòfà ilẹ̀, pín in: omi ibẹ̀ jìn tó nǹkan bíi mítà 3.7. Bí ìgbì náà bá dé iwájú tó jẹ́ pé mítà 15 péré ló rìn ní ìṣẹ́jú àáyá 5 mìíràn, ẹ ṣe ìṣirò kan náà, ẹ ó rí i pé omi kò tó mítà kan. Òfin yìí dára jù níbi tí omi kò bá jìn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì nílò rẹ̀. Ènìyàn jókòó sínú ọ́fíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wọn òkun Faransé láì tọ omi lẹ́sẹ̀.

Síbẹ̀, wọn kò gbà á gbọ́ tán. Àwòrán lè sọ bí omi ṣe jìn; kò lè sọ bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le. Àwọn onímọ̀ ń bẹ̀rù pé ẹrẹ̀ wà lábẹ́ iyanrìn ibẹ̀, tí ọkọ̀ ogun onírin á rì sí. Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1943, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe àìsùn ọdún tuntun, ọmọ ogun méjì, Logan Scott-Bowden àti Bruce Ogden-Smith, lúwẹ̀ẹ́ nínú òtútù lọ sí etíkun náà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú òkùnkùn lábẹ́ ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ Jámánì, wọ́n gbẹ́ iyanrìn láti ibi púpọ̀, wọ́n kó o sínú ìgò tí wọ́n gbé dání, wọ́n sì lúwẹ̀ẹ́ padà. Ní ọjọ́ 6, oṣù Òkúdù, ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ara mi lórí iyanrìn pẹ̀lú fóònù. Àwọn tó ní gbogbo kámẹ́rà ayé lọ́wọ́ rán ènìyàn lọ fọwọ́ kan ilẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ fi igi tọ́ omi wò.

Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946, ìjọba Bìrìtéènì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún wíwọn ilẹ̀ àwọn ìlú tó ń ṣàkóso, wọ́n sì lo bàálù ológun láti ya àwòrán ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, fún yíya máàpù. Kámẹ́rà tó ń wá ọ̀tá wá ń wá odò àti òkè. Lẹ́yìn náà ló kan sátẹ́láìtì. Àwọn àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fi ń ṣe amí, tí wọ́n ń pè ní Corona, ń ju fíìmù sílẹ̀ láti òkè nínú ike tó ní agbòòrùn, bàálù á sì fi ìkọ́ gbà á lójú sánmà kó tó balẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀kan gbà bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ògún, ọdún 1960.

Èyí tó kan ẹja ni Landsat. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ gòkè ní ọjọ́ 23, oṣù Agẹmọ, ọdún 1972, kì í sì í ṣe ti amí; ilẹ̀, oko àti omi ni wọ́n ní kó máa wò. Ní ọdún 1975, NASA àti Jacques Cousteau, ọmọ Faransé tó lo ayé rẹ̀ fún ṣíṣèwádìí òkun, jọ lọ sí Bahamas. Bí Landsat bá ti ń kọjá lókè, àwọn tó wà nínú Calypso, ọkọ̀ Cousteau, á máa wọn omi nísàlẹ̀, kí wọ́n lè fi ohun tí ojú òkè rí wé ohun tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ó ń wọ inú omi, ó ń kan iyanrìn funfun nísàlẹ̀, ó ń padà sókè. Omi máa ń gbé àwọ̀ pupa mì kíákíá, ó máa ń pẹ́ kó tó gbé àwọ̀ búlúù mì, nítorí náà bí àwọ̀ omi ṣe rí ń sọ bí ó ṣe jìn tó. Wọ́n rí i pé níbi tí omi bá ti mọ́ gaara, sátẹ́láìtì lè ka jíjìn rẹ̀ dé mítà 22.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn náà: níbi tí omi bá ti mọ́ gaara. Ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí àwọn apẹja òkè òkun ń fún ara wọn nípa wíwá ibi ìpẹja lórí àwòrán sátẹ́láìtì, àwọ̀ omi ni wọ́n ń wò: búlúù fún kòtò, àwọ̀ ewé fún ibi tí kò jìn. Omi Èkó kì í ṣe omi Bahamas. Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń kó ẹrẹ̀ ilẹ̀ wa wá sínú ọ̀sà, ọ̀sà ń tú u sínú òkun, ìgbì ń po iyanrìn mọ́ ọn. Ní etíkun wa, pípọ́n omi lè jẹ́ ẹrẹ̀, ó lè jẹ́ òkìtì. Ọ̀nà àwọn ológun ọdún 1944 ló bá wa mu ju ti Cousteau lọ: ìgbì ni kí a kà, kì í ṣe àwọ̀.

Àwa náà ní ojú lókè. NigeriaSat-1 gòkè láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27, oṣù Òwewe, ọdún 2003, ó sì wà lára àwọn tó ya àwòrán etíkun Amẹ́ríkà nígbà tí ìjì Katrina jà níbẹ̀ ní ọdún 2005. Ẹyọ àmì kan nínú àwòrán rẹ̀ dúró fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 32. Kòtò tó gbé ẹ̀gbọ́n mi á wọ inú ẹyọ àmì kan ṣoṣo, kò sì ní hàn. Ti NigeriaSat-2, tó gòkè ní ọdún 2011, dé mítà 2.5; ìyẹn á rí i. Ní ọdún 2005 náà ni Google Earth jáde, tí ọmọ ilé ìwé fi ń wo ohun tí àwọn ọ̀gágun ń wò tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2008, wọ́n sọ gbogbo àwòrán Landsat di ọ̀fẹ́. Látàrí èyí, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè fa ọdún sẹ́yìn bí ẹni fa aṣọ fèrèsé.

Mo fà á sẹ́yìn. Mo wò ó fún ọ̀pọ̀ alẹ́, mo sì rí ohun tí Bàbá ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, tí mo rò pé àwàdà ọ̀rọ̀ ni: "Iyanrìn ń rìn." Ìgbì etíkun wa kì í wá tààrà, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá ilẹ̀, ó sì ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn, láti ìhà Benin àti Badagry wá sí Èkó, láti Èkó lọ sí Lẹ́kkí. Bí ọdún ṣe ń yí, ohun tó ń kọjá pọ̀ ju ohun tí tírélà lè kó.

Iyanrìn tó ń rìn yìí ló di ẹnu ọ̀nà Èkó láyé àtijọ́. Òkìtì kan wà lẹ́nu omi níbi tí ọ̀sà ti ń bọ́ sínú òkun, àwọn òyìnbó ń pè é ní bar, òun ni wọ́n fi sọ Bar Beach lórúkọ. Ọkọ̀ ńlá kò lè gun orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n á dúró síta, wọ́n á sọ èrò àti ẹrù kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, tàbí kí wọ́n já ẹrù Èkó sílẹ̀ ní Forcados lọ́nà jíjìn. Láti bíi ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn mọ ògiri òkúta méjì wọ inú òkun, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn ẹnu omi, èkejì ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Òkúta Abẹ́òkúta ni wọ́n fi rélùwéè kó wá. Ẹnu omi jìn, ọkọ̀ ńlá wọlé, Èkó di èbúté.

Ṣùgbọ́n iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ bá ògiri pàdé. Ó dúró, ó ń kó jọ. Ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, ní ìhà Lighthouse Beach: ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbòòrò wọ inú òkun. Ẹ wá wo ìlà-oòrùn. Òkun ń kó iyanrìn ibẹ̀ lọ bó ti máa ń kó o, kò sì sí èyí tó ń bọ̀ láti rọ́pò rẹ̀. Ní Victoria Island, ilẹ̀ fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fa iyanrìn láti ibòmíràn wá dà síbẹ̀, òkun sì ń jẹ ẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sí ojú omi ibẹ̀ fún Eko Atlantic, tí wọ́n sì fi ògiri ńlá kan dáàbò bò ó. Ní iwájú, ní Òkun Alfa, òkun ti gbé ilé àti ọ̀nà lọ. Ó dà bí ẹni pé òkúta tí wọ́n gbẹ́ ní Abẹ́òkúta ṣáájú ìbí bàbá Bàbá mi wà lára ohun tó gba ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. N kò lè fi ìyẹn da ara mi láre. Èmi ni mo ní kó gbé ẹsẹ̀ méjì.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ìtàn gbé yẹ̀ wò, nítorí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Mo ṣàdédé rí i ni. Bí mo ti ń fa ọdún sẹ́yìn, mo ń kọ oṣù tí wọ́n ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀pẹ, Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé, Ṣẹ́rẹ́, Ọ̀pẹ. Àwòrán oṣù Agẹmọ àti Ògún ṣọ̀wọ́n, ìkùukùu sì bò ó. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ojú sátẹ́láìtì tó ń ya irú àwòrán yìí kò lè la ìkùukùu kọjá, ìgbà òjò sì ni ìkùukùu máa ń bo Èkó. Àwọn tó ń to àwòrán pọ̀ máa ń mú èyí tó mọ́ jù. Bẹ́ẹ̀, ìgbà òjò gan-an, láti Òkúdù dé Òwewe, ni ìgbì tó ń ti gúúsù òkun wá máa ń le jù. Ó máa ń fọ́ òkìtì, ó máa ń la ọ̀nà tuntun. Nítorí náà, etíkun tí gbogbo wa mọ̀ lórí fóònù, etíkun ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìgbà òjò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú àkójọ náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi àwòrán wọ̀nyí kọ ìtàn òkun wa, ìdajì ọdún á sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ìgbà tí akọ̀wé ìlú kan bá ń kọ̀wé ní ọ̀sán nìkan.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí ìdí ìwọ̀. Ìyá wa bínú fún oṣù kan, wọ́n sì jẹ́ kó lọ nígbà tí Bàbá bá wọn sọ̀rọ̀. Ní báyìí, a kì í lo àwòrán kan ṣoṣo. Àwòrán Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù ń kọjá lórí wa ní bíi ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Kò mú dáadáa bí ti Google, mítà 10 ni ẹyọ àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ tuntun. Èyí tó mú á sọ ibi tí a lè lọ wò, èyí tó tuntun á sọ bóyá ibẹ̀ ṣì wà. Lẹ́yìn náà, a ó dúró lórí iyanrìn fún odindi wákàtí kan láì wọ omi, a ó máa wo ibi tí ìgbì kò ti fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wọ omi kọjá orúnkún mọ́. Ó máa ń dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ ju ìwọ̀ rẹ̀, ó sì ń pa àpò àti òbòkún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó pa kútà kan lọ́jọ́ kan tí ó gùn tó apá mi.

Bàbá kò nílò gbogbo èyí nígbà tiwọn. Wọ́n sọ fún mi pé àmì méjì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n á ta àwọ̀n sí: igi àgbọn kan tó tẹ̀, àti òrùlé ilé kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí igi náà bá bo òrùlé mọ́lẹ̀, wọ́n ti dé ojú ibẹ̀. Bí iyanrìn bá sì rìn, àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á wá àmì mìíràn. Mo béèrè ibi tí igi náà wà. Bàbá na ọwọ́ sínú òkun.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó tì wọ́n, mo fa ọdún sẹ́yìn dé àwòrán tó pẹ́ jù tí mo rí fún etíkun náà. Kí wọ́n tó ya ẹnu, mo ti ka ọjọ́, oṣù àti ọdún rẹ̀ fún wọn. Bàbá mi orí. Wọ́n na fóònù jìnnà sí ojú. Ìlà igi àgbọn kan wà níbẹ̀, iyanrìn gbòòrò níwájú rẹ̀, níbi tó jẹ́ omi lónìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka: ẹni tó ní ahéré yìí, ẹni tó ń yan ẹja níbí, ẹni tí omi gbé lọ, ẹni tó kó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n dé ibi àmì dúdú kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn nìyẹn. Mo mú un tóbi, kò yé mi bóyá ọkọ̀ ni tàbí òjìji igi. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n ta ọkọ̀ náà, ọdún méjì lẹ́yìn àwòrán ni.